Ẹni Tó Wọ Aṣọ Muideen ní Kútọ̀

Inú òkun ni ẹ̀gbọ́n mi Muideen kú sí, nínú ogun tí kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ọkọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ ń gbé ọkà kọjá lójú Òkun Pupa, àwọn tó ń jagun létí òkun náà sì ju ohun ìjà lù ú. Mo kọ́kọ́ kọ ìyẹn sílẹ̀ nítorí ó lé ní ọdún kan tí kò fi sí ẹni tó lè sọ ọ́ nílé wa láìfi "bóyá" kún un, ẹnì kan sì wà tí "bóyá" yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa. Ìyàwó rẹ̀ ni, Màríámù.

Ìtòkú ni wọ́n bí wa sí, ní agbo ilé tí ìkòkò aró pọ̀ níbẹ̀ ju àga lọ. Ìyá wa, Àlàájà Bùsírátù, ni gbogbo ọjà ń pè ní Ìyá Aláró. Muideen ni àkọ́bí, èmi Mùjídàt ni àbígbẹ̀yìn. Abẹ́òkúta kò ní òkun. Odò Ògùn ló ní, Muideen sì kọ́ odò wíwẹ̀ lábẹ́ afárá rélùwéè ní Láfẹ́nwá. Bó bá ti ibẹ̀ dé, Ìyá á fi èékánná ha apá rẹ̀. Bí ojú ibẹ̀ bá funfun, odò ló ti ń bọ̀, ẹgba ló kàn. Muideen wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi òróró para kó tó wọlé. Ìyá gbóòórùn òróró ìdáná lára rẹ̀, ó nà án nítorí odò, ó tún nà án nítorí òróró. Lọ́jọ́ kejì, ó padà sódò. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún mi nìyẹn. Wọn kò tíì bí mi nígbà náà.

Iṣẹ́ aró ni gbogbo wa ń ṣe. A ó fi láfún se ẹ̀kọ tó ki, a ó fi ìyẹ́ adìyẹ ya ohun tó bá wù wá sára aṣọ funfun pẹ̀lú ẹ̀kọ náà, a ó jẹ́ kó gbẹ, a ó wá rẹ aṣọ sínú aró. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kò ní mú un. Obìnrin ló ń di ìyẹ́ mú. Ọkùnrin ń pọnmi, ó ń sá aṣọ. Nígbà tí Muideen jáde ilé ẹ̀kọ́ girama, ó gba ìyẹ́ lọ́wọ́ Ìyá, ó ní ọkọ̀ ojú omi lòun fẹ́ yà. Kò rí ọkọ̀ ojú omi rí àfi nínú tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tí aṣọ náà jáde nínú aró, kò sí ẹni tó rí ọkọ̀ níbẹ̀. Áyọ́ọ̀nù ni gbogbo wọn rí, áyọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń lọ aṣọ, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn, èéfín ń jáde lórí wọn.

"Muideen, ṣé o fẹ́ di alágbàfọ̀ ni?" Ojúọlá ló bi í bẹ́ẹ̀. Ojúọlá ń ta òwú ìránṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ Ìyá. Ẹnu rẹ̀ kì í sinmi.

"Ọkọ̀ ni, màmá. Ẹ wò ó dáadáa."

"Mo ti wò ó. Ó ku kí wọ́n múná wá."

Kò sẹ́ni tó ra aṣọ náà. Ìyá rán an ní bùbá fún un. Kò sí irú rẹ̀ mìíràn ní Abẹ́òkúta, kò sì sí ní ibòmíràn. Muideen wọ̀ ọ́ títí ó fi sú àwọn tó ń fi í ṣẹ̀fẹ̀. Òun ló wọ̀ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ bá Màríámù sọ̀rọ̀. Màríámù ń kọ́ iṣẹ́ ìyẹ́ lọ́dọ̀ Ìyá nígbà náà. Ó wo aṣọ náà látòkè délẹ̀, ó béèrè bóyá ó lè bá òun lọ aṣọ méjì. Muideen ní òun lè lọ mẹ́wàá. Kò pẹ́ sígbà náà tí wọ́n fi so yìgì.

Iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì ló lọ kọ́ ní Àpápá. Tó bá ń bọ̀ wálé, gáréèjì Kútọ̀ ló ń bọ́ sí; tó bá ń padà lọ, Kútọ̀ ló ti ń wọkọ̀. Tí ará Èkó bá bi í léèrè ìlú rẹ̀, Kútọ̀ ló máa ń júwe.

Àbúrò bàbá wa, Àlàájì Láwàlì, ló di olórí ilé lẹ́yìn tí bàbá wa kú. Òun ló mọ ẹ́jẹ́ńtì kan tó ń fi èèyàn síṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni. Ó ní olóòótọ́ ni, ó fọwọ́ sọ̀yà fún un. Muideen lọ sókun, ó dé, ó tún lọ. Ní ìgbà kejì yẹn, ẹ́jẹ́ńtì mọ ojú omi tí ọkọ̀ náà máa gbà, ó sì mọ̀ pé wọ́n ń ju bọ́ǹbù níbẹ̀. Kò sọ fún un. Inú ọkọ̀, nígbà tí kò sí àyè àtiyí padà mọ́, ni Muideen ti gbọ́. Ó pe Màríámù lórí fóònù, ó sọ ọ́ fún un bí àwàdà.

Nínú oṣù ààwẹ̀ ni ẹ́jẹ́ńtì pe Àlàájì. Ó ní nǹkan ti ṣẹlẹ̀ sí ọkọ̀ náà, wọ́n sì ń wá àwọn kan. Lẹ́yìn ìyẹn, kò gbé fóònù mọ́. Mo lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀ ní Àpápá. Táìlì ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Ẹni tó ń ta táìlì ní òun kò mọ ẹni tó lo ṣọ́ọ̀bù náà ṣáájú òun. Mo lọ sí ọ́fíìsì ìjọba. Wọ́n ní kí n máa lọ, kí n máa bọ̀. Mo lọ, mo bọ̀. Àwọn tó jókòó sídìí tábìlì níbẹ̀ ń jẹ ẹ̀pà.

Àlàájì Láwàlì pe gbogbo ilé jọ, ó ní Muideen kò kú.

"Ta ló rí òkú? Ta ló sin ín? Ṣé ẹ fẹ́ kírun sí ẹni tó wà láàyè lára ni?"

Kò mẹ́nu kan ẹni tó mú un lọ bá ẹ́jẹ́ńtì. Bí Muideen bá kú, ẹnì kan ní láti dáhùn fún un. Bí kò bá kú, kò sí ìbéèrè. Ìṣirò náà kò le rárá.

Bí wọ́n ṣe so Màríámù rọ̀ nìyẹn. Ní alaalẹ́, Ìyá á bu oúnjẹ Muideen sọ́tọ̀, á dé e. Ní òwúrọ̀, Màríámù á dà á nù. Bó bá wọ aṣọ tó tàn, àwọn ará ilé á ní ó ti gbàgbé ọkọ rẹ̀. Bó bá wọ dúdú, Àlàájì á bi í bóyá ikú ọkọ rẹ̀ ló ń tọrọ. Bó bá kọjá lọ́jà, "Ẹ kú ojú lọ́nà" ni wọ́n ń kí i, bí ẹni tí ọkọ rẹ̀ lọ ra ọjà wá láti Kánò. Òun náà á kúnlẹ̀, á dáhùn. Ní ọjọ́ kan, a jọ ń ṣan aṣọ, ó sọ fún mi láìgbójú sókè:

"Adúmáadán, mi ò fẹ́ kó kú. Mo kàn fẹ́ kí wọ́n jẹ́ kí n sunkún."

Adúmáadán ló ń pè mí láti ọjọ́ tó ti wọlé wa, nítorí kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ.

Ó lọ bá Ààfáà Tawheed, lémọ́ọ̀mù àdúgbò wa. Ààfáà kì í ṣe ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Ó ní, "Mú ẹnì kan wá tó rí i, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe é gbà gbọ́. Ẹnì kan péré. Ọ̀rọ̀ á yanjú." Níbo ni Màríámù ti fẹ́ rí ẹni tó wà lójú òkun?

Ọdún yípo. Ní ọjọ́ Ajé kan, Ojúọlá ti Èkó dé. Òwú ló lọ rà. Ó wọ agbo ilé wa láìsí òwú, bàtà rẹ̀ ku ẹyọ kan.

"Ẹ fún mi lómi," ló wí. Ó mu ún tán. "Mo rí Muideen."

Ìyá dìde. "Níbo?"

"Ní gáréèjì Kútọ̀. Bí mo ṣe sọ̀ kalẹ̀ báyìí, ó dúró síwájú mi. Ó wọ aṣọ áyọ́ọ̀nù."

"Ṣé ó rí ọ?"

"Ó rí mi. Ó ń bọ̀ wá bá mi, ó tiẹ̀ ń la ẹnu. Ni mo bá sá. Gbogbo òwú mi ló gbà."

"Ṣé ojú rẹ̀ lẹ rí?" ni mo bi í.

"Aṣọ rẹ̀ ni mo rí. Ta ló máa dúró wo ojú?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Gbogbo wọn ti mọ ohun tó jẹ́: àkúdàáyà. Wọ́n gbà pé ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ kò pé lè kú sí ibì kan, kó dìde síbòmíràn, kó máa bá ayé rẹ̀ lọ láàárín àwọn tí kò mọ̀ ọ́n. Àmọ́ bí ẹni tó mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ bá pàdé rẹ̀, tó pè é lórúkọ, á pòórá, kò sì sẹ́ni tó máa rí i mọ́ láéláé. Mo ní kí ló dé tí àkúdàáyà náà kò fi lọ sí Kánò, tó jẹ́ pé inú ìlú ìyá rẹ̀ ló fara pa mọ́ sí, tó tún dúró síbi tí gbogbo ayé ń gbà kọjá.

"Ó fẹ́ máa wo ìyá rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán ni," ni Ojúọlá dá mi lóhùn. "Ìwé ti pọ̀ jù lórí tìrẹ."

Ìyá ti lọ sí Mẹ́kà. Ìrun márùn-ún kì í yẹ̀ ẹ́. Kò sí àkúdàáyà nínú Àlùkùránì, ìyẹn kò sì dí i lọ́wọ́. Ó pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni nínú ilé wa kò gbọdọ̀ dé Kútọ̀. Ẹni tó bá ń lọ sí Èkó, kó lọ wọkọ̀ ní Láfẹ́nwá. Àwọn ará Ìtòkú méjì mìíràn tún rí i, àwọn náà sá. Wọ́n wá ròyìn fún Ìyá pé ara rẹ̀ le, pé ó tiẹ̀ ń jẹ búrẹ́dì. Ìyá rẹ́rìn-ín músẹ́. Láti ìgbà tí ẹ́jẹ́ńtì ti pè, n kò rí i kó rẹ́rìn-ín. Gbogbo èèyàn ń ṣọ́ra kí wọ́n má ṣe lé Muideen lọ, wọ́n sì ń fi ìṣọ́ra náà sá fún ọkùnrin kan tó ń wá wọn kiri. Àmọ́ a kò tíì mọ ìyẹn.

Màríámù gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, ó kúnlẹ̀ síwájú Ìyá àti Àlàájì.

"Ìyá, tó bá jẹ́ àkúdàáyà ni, ó ti kú nìyẹn."

Ìyá wo ilẹ̀.

"Tó bá ti kú, ẹ jẹ́ kí n ṣe opó ọkọ mi."

"Ta ló rí òkú?" ni Àlàájì wí.

"Ojúọlá rí i," ni mo dáhùn. "Ó ń rìn."

"Mùjídàt, yọ ẹnu rẹ kúrò níbẹ̀."

Mo yọ ọ́. Kò tíì mọ́ dáadáa lọ́jọ́ kejì nígbà tí Màríámù wá sí ẹnu ọ̀nà mi, ó ti wọ hìjáábù rẹ̀.

"Adúmáadán, ẹ sìn mí dé Kútọ̀."

"Tó bá wá lọ ńkọ́?"

"Tó bá jẹ́ òun ni, tó sì pòórá, mo ti mọ̀ pé ó kú. Tí kì í bá ṣe òun, ẹni tó wọ aṣọ ọkọ mi máa sọ ibi tó ti rí i."

Láti ọdún kan, òun ni ọ̀rọ̀ tó tọ̀nà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ nínú ilé wa. Mo wọ bàtà.

Ẹ̀yìn rẹ̀ la rí. Ó jókòó sórí ẹrù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ọkọ̀ Èkó, ó ń jẹ búrẹ́dì lóòótọ́. Aṣọ náà ni, kò sí àríyànjiyàn. Aró rẹ̀ ti ṣí débi pé àwọn áyọ́ọ̀nù náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ sí ara aṣọ, iná sì ti jó ẹnu apá òsì. Màríámù di ọwọ́ mi mú, ó dùn mí. Lẹ́yìn náà, ó tú mi sílẹ̀, ó rìn lọ dúró sẹ́yìn ọkùnrin náà, ó ṣe ohun tí gbogbo Ìtòkú ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe.

"Muideen."

Ọkùnrin náà yíjú padà. Kò pòórá. Ó dúdú ju Muideen lọ, ó jù ú lọ lọ́jọ́ orí, eyín iwájú rẹ̀ kan kò sí. Ó wo Màríámù, ó wo bí ojú Màríámù ṣe ń tẹ̀ lé aṣọ náà, ó sọ búrẹ́dì ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

"Ẹ̀yin ni ẹ ní kó bá yín lọ aṣọ méjì," ló wí.

Orúkọ rẹ̀ ni Àdúràgbèmí, ọmọ Ìlàjẹ, etí omi ni wọ́n bí i sí. Òun àti Muideen ló jọ ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ yẹn.

"Ìlú yín yìí le o," ló wí. "Muideen ní tí n bá ti wọ aṣọ yìí dé Kútọ̀, wọn á ti pe ìyá òun kí n tó bọ́ sílẹ̀. Mo bọ́ sílẹ̀. Mo béèrè Ìyá Aláró. Àwọn kan ní èwo nínú ẹgbẹ̀rún. Àwọn tó dà bí ẹni pé wọ́n mọ̀ ọ́n, tí wọ́n bá ti wo aṣọ mi, eré ni. Mo rò pé Muideen ti lu gbogbo yín rí ni."

"Ẹ jọ̀ọ́," ni Màríámù wí. "Ṣé ó kú?"

Ọkùnrin náà dìde kó tó dáhùn.

"Ó kú, ìyàwó wa."

"Ṣé ẹ rí i?"

"Èmi ni mo wẹ̀ ẹ́."

Màríámù jókòó sórí ẹrù tí ọkùnrin náà dìde kúrò lórí rẹ̀, ó sì sunkún. Kò fi ọwọ́ bo ẹnu. Agbèrò tó ń pe èrò Èkó dákẹ́, ó gbé omi inú ọ̀rá wá, ó dúró tì wá títí Màríámù fi mu ún. Nígbà tó nu ojú rẹ̀ tán, ó wo ohun tó jókòó lé.

"Òwú Màmá Ojúọlá nìyí."

"Ti màmá kan tó sá ni," ni Àdúràgbèmí wí. "Mo pè é títí. Mo ti ń fi ṣe ìrọ̀rí láti ọjọ́ náà. Ẹ bá mi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀."

Bí a ṣe wọ agbo ilé, Ìyá rí aṣọ náà kó tó rí ẹni tó wọ̀ ọ́. Ó fi ìborùn bo ojú rẹ̀, ó ń pariwo kí ẹnikẹ́ni má pè é. Ojúọlá ti wà lẹ́yìn ìkòkò aró tó tóbi jù. Àdúràgbèmí dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Màmá, ọmọ Ìlàjẹ ni mí. Mi ò tíì kú rí. Ẹ fọwọ́ kàn mí."

Ìyá kò fọwọ́ kàn án. Ó ṣí ojú kan. Ó wò ó pẹ́. Mo rí i bí ohun tó ti ń gbé e ró láti ọjọ́ Ajé ṣe ń kúrò lára rẹ̀, n kò sì lè sọ pé inú mi dùn sí i. Ó jókòó. Ó ní kí ọkùnrin náà jókòó. Ó ní kó máa sọ ọ́, kó má fi nǹkan kan pa mọ́.

Ó sọ ọ́. Ọ̀sán ni. Àsìkò iṣẹ́ Muideen ni, ó wà nínú yàrá ẹ́ńjìnnì. Àdúràgbèmí wà lókè nítorí pé epo ti bo aṣọ rẹ̀, ó lọ pààrọ̀. Muideen ló yá a ní aṣọ áyọ́ọ̀nù, ó ní kó fọ̀ ọ́ kó tó dá a padà. Ohun ìjà náà wọ ìhà ọkọ̀, iná sọ. Muideen kò ṣe ohun kan tí kò yẹ, kò sì sí ohun tó lè ṣe. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Àdúràgbèmí àti àwọn mìíràn fa Muideen àti ẹlòmíràn jáde, àmọ́ Muideen ti kú. Ibẹ̀ ni ọwọ́ òsì Àdúràgbèmí ti jóná. Ọkọ̀ kò rì, àmọ́ kò lè rìn, kò sì sí ẹni tó ń bọ̀ wá gbà wọ́n lọ́jọ́ náà, oòrùn sì mú. Wọ́n wẹ òkú, wọ́n fi aṣọ ibùsùn funfun dì í, wọ́n sin ín sókun. Ọ̀pọ̀ oṣù ni wọ́n fi tọ́jú ọwọ́ Àdúràgbèmí ní èbúté òkèèrè. Fóònù rẹ̀ àti nọ́ńbà gbogbo ti jóná. Bó ṣe délé, ó kí ìyá rẹ̀, ó sì wọkọ̀ Abẹ́òkúta.

Ìyá ń mi orí. Ìbéèrè kan ló bi í.

"Ọwọ́ wo lẹ kọ́kọ́ wẹ̀?"

"Ọ̀tún ni, màmá. Òsì ni mo ti fẹ́ mú. Alásè wa, ará Íńdónéṣíà, ló gbá ọwọ́ mi kúrò níbẹ̀. Ó ní ọ̀tún ló máa ń ṣáájú nínú ẹ̀sìn yín. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Kìrìsìtẹ́nì ni mí, ẹ má bínú."

"Ta ló kírun?"

"Alásè náà ló ṣáájú. Àwọn mẹ́rin tò sẹ́yìn rẹ̀. Èmi ò mọ̀ ọ́n kí, mo dúró sẹ́yìn wọn, mo ṣí fìlà."

Ìyá gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó fi wọ́n pa ojú. Ẹni tó bá fẹ́ purọ́ fún ìyá olókùú kì í rántí ọwọ́ tí wọ́n fẹ́ fi ṣèèṣì ṣáájú. Ó gbà á gbọ́. Ó ní kí wọ́n lọ pe Ààfáà Tawheed.

Ààfáà gbọ́ ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ní wọ́n ti kírun sí Muideen lára, wọ́n ti ṣe ohun gbogbo fún un, àdúà ló kù. Lẹ́yìn náà, ó kọjú sí Màríámù.

"Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni opó. Ọjọ́ tí ọkọ kú la ti ń kà á, kì í ṣe ọjọ́ tí ìròyìn dé. Tìrẹ ti parí tipẹ́."

Màríámù ń wò ó. "Mo ti ṣe é tán láìmọ̀?"

Ìyá ló dá a lóhùn.

"O mọ̀. Àwa la kò jẹ́ kó lórúkọ." Ó na ọwọ́, ó di ọwọ́ Màríámù mú. "O kú àṣẹ̀yìndè, ìyàwó mi."

Ìyá ni ẹni àkọ́kọ́ tó kí i bẹ́ẹ̀. Ojúọlá jáde wá láti ẹ̀yìn ìkòkò, ó kí i. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, gbogbo Ìtòkú ti ń bọ̀, wọ́n ń kí i bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tí ọkọ rẹ̀ kú, Màríámù sì ń dáhùn. Ó sunkún, ó jẹun, ó sọ ìtàn aṣọ méjì tí wọn kò lọ fún òun di òní fún àwọn tó wá. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n da omi lójú. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ilé wa lè gba èèyàn tó bẹ́ẹ̀.

Àlàájì Láwàlì dé nígbà tí Ààfáà ń jáde. Ó wo aṣọ náà, ó wo ọwọ́ tó jóná. Ó ní, "Ta ló..." Kò parí rẹ̀. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ibẹ̀ ló sì wà ní gbogbo ọjọ́ tí àwọn èèyàn ń bọ̀. Ẹni tó bá wọlé, òun ló ń sọ fún un: "Ọmọ mi kú lójú òkun. Èmi ni mo mú un lọ bá ẹni tó rán an lọ." Mo gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ léraléra. Ọ̀rọ̀ náà pé, kò yọ nǹkan kan kúrò. Ó yẹ kó ti sọ ọ́ ṣáájú. Mo ń kí i láàárọ̀, mo ń kúnlẹ̀. N kò tíì dárí jì í.

Nígbà tí èrò dínkù, Àdúràgbèmí wọ aṣọ mìíràn, ó ká aṣọ áyọ́ọ̀nù, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Màríámù. "Ó ní kí n fọ̀ ọ́ kí n tó dá a padà. Mo ti fọ̀ ọ́."

Ìyá gbà á, ó fi àtàńpàkò ra á. "Ọṣẹ wo lo fi fọ̀ ọ́?"

"Ọṣẹ inú ọkọ̀ ni, màmá. Òun ni wọ́n fi ń fọ ẹ́ńjìnnì."

"Ó hàn."

Ìyá kò tíì fọwọ́ kan aró láti ọdún kan. Màríámù ló ń ṣe é. Ìyá dìde, ó ní kí wọ́n ṣí ìkòkò ńlá, òun fẹ́ pa aṣọ náà láró padà. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ àtijọ́ kò sí lára aṣọ mọ́. Bí wọ́n bá rẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, aró á bo gbogbo rẹ̀, ọkọ̀ kankan kò ní kù níbẹ̀. Ẹnì kan ní láti tún fi ìyẹ́ gba ojú ilà Muideen, kí aró tó kàn án.

Màríámù tú ojú rírán aṣọ náà, ó tẹ́ ẹ sórí pákó, ó ti ìyẹ́ bọ ẹ̀kọ. Àdúràgbèmí bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ìyàwó wa, imú ọkọ̀ kò rí báyìí. Ó gùn jù níbí yìí. Ẹ jẹ́ kí n yà á sílẹ̀ fún yín, ẹ ó kàn tún un ṣe díẹ̀."

"Mo dúpẹ́, ẹ̀gbọ́n. Bó ṣe yà á ni mo máa yà á."

Ó bẹ̀rẹ̀ láti igun. Ibi tí ọwọ́ Muideen ti gbọ̀n, ó gbọ̀n tirẹ̀ níbẹ̀. Ibi tí ẹ̀kọ ti kán sí i lára lọ́jọ́ yẹn, ó kán ẹ̀kọ sí i. Kò yára. Ìyá jókòó tì í, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí apá ibi tó ti yà tán kó lè gbẹ, kò sì fún un nímọ̀ràn kankan, ohun tí n kò rí kí Ìyá ṣe rí.

Nígbà tí aṣọ náà jáde nínú aró, wọ́n ha ẹ̀kọ kúrò, wọ́n sá a síwájú ilé. Ó dúdú dáadáa, funfun rẹ̀ sì mọ́. Ojúọlá ń ti ọjà bọ̀, àpò òwú rẹ̀ wà lórí rẹ̀, èyí tó kọ̀ láti fọwọ́ kàn títí Ààfáà fi fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e fún un. Ó dúró lábẹ́ okùn aṣọ.

"Áyọ́ọ̀nù ni ṣá o," ló wí.

"Ọkọ̀ ni, màmá," ni Màríámù dáhùn. "Ẹ wò ó dáadáa."

Ojúọlá sọ àpò òwú rẹ̀ kalẹ̀, ó wò ó.